“IDH1 mutated” ni wọ́n kọ sínú èsì àbúrò mi. Ẹ bá mi túmọ̀ rẹ̀

Àrẹ̀mọ Òkè-Àdó (Ìbàdàn), Ọjọ́rú, 5:52 àárọ̀

Ẹ kú ìdájí o, ẹ̀yin ará ilé. Mi ò sùn láti àná.

Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Houston, ọmọ ọdún 34 ni. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, gìrì gbé e nínú ilé ìdáná. Ìyàwó rẹ̀ ní ife tíì ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá dúró, ó ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ń gbọ̀n bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn, kó tó di pé ó ṣubú. Nílé níbí, a ti dé ọ̀dọ̀ wòlíì méjì kí wọ́n tó ya àwòrán orí rẹ̀ níbẹ̀. Màmá ní ayé ló fi ṣe é. Àwòrán wá fi hàn pé kókó wà níwájú ọpọlọ lápá ọ̀tún. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n rí púpọ̀ yọ nínú rẹ̀.

Èsì dé lánàá, ó ya á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n kọ “glioma, ìpele 2” síbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ “IDH1 R132H: mutated” sí. Dókítà rẹ̀ ò ní àyè títí ọjọ́ Ajé. Ọ̀rọ̀ “mutated” yẹn ló ń dẹ́rù bà wá. Wọ́n ní ẹ́ńsáìmù kan ni IDH1. Kí ni ẹ́ńsáìmù ń wá nínú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ? Ṣé láti ara bàbá wa ló ti jogún rẹ̀? Ṣé kí àwa yòókù náà lọ ṣe àyẹ̀wò?

Ìyàwó rẹ̀ ti gba ṣúgà àti ìrẹsì kúrò níwájú rẹ̀ nítorí fídíò kan. Àwa náà ti se àgbo sínú jálá kan níbí, ẹni tó ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa bá wa gbé e. Ẹni tó bá mọ̀ kó jọ̀ọ́ sọ̀rọ̀.

Sùúrù Lérè, 6:10 àárọ̀

Olúwa á wò ó sàn. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ara fífẹ́ràn ọmọ ìyá. Mò ń dúró de àwọn tó gbọ́n jù mí lọ.

Onílàábù Ṣàgámù, 7:31 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ mí kanlẹ̀ ná. Ọdún 16 rèé tí mo ti wà nídìí àyẹ̀wò ẹran ara, ọ̀rọ̀ “mutated” yẹn ti ba oorun ọ̀pọ̀ ẹbí jẹ́ lójú mi. Ní ti irú kókó ọpọlọ yìí, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún ló sàn fún ju ẹni tí wọn ò kọ ọ́ fún lọ. Màá padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi gàrí ṣàlàyé. Òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì ni ẹ́ńsáìmù, iṣẹ́ wọn ni láti máa sọ nǹkan kan di òmíràn. IDH1 máa ń gba ohun tí wọ́n ń pè ní isocitrate, á sọ ọ́ di alpha-ketoglutarate, bí ẹlẹ́gàrí ṣe ń gba ẹ̀gẹ́ tó ń yan án di gàrí. Gàrí yìí sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ mìíràn nínú sẹ́ẹ̀lì ń jẹ kí iṣẹ́ wọn tó lè lọ. Títí di ibí, ire ni.

Tí ẹ bá wo ẹ́ńsáìmù fúnra rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín ni. Ìlẹ̀kẹ̀ 414 ló wà lára IDH1. R132H tí ẹ rí yẹn kò ju àdírẹ́sì lọ: ní ìlẹ̀kẹ̀ 132, irú ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń pè ní R ló yẹ kó wà níbẹ̀, irú H ni wọ́n bá. Ìlẹ̀kẹ̀ kan péré ni o, ṣùgbọ́n ẹnu ibi tí ẹ́ńsáìmù ti ń di iṣẹ́ rẹ̀ mú ló bọ́ sí. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹlẹ́gàrí yìí ò yan ẹ̀gẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Gàrí tí ẹlòmíràn ti yan ló ń gbà, tó ń sọ ọ́ di ohun tó jọ gàrí tí kì í ṣe gàrí. Wọ́n ń pè é ní 2-hydroxyglutarate. 2-HG la máa ń pè é níbi iṣẹ́. Ó máa ń wà díẹ̀ lára gbogbo wa. Nínú kókó tí IDH1 rẹ̀ ti yí, ó lè fi ìlọ́po 10 sí 100 pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí ni 2-HG wá ń bàjẹ́? Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti nu àmì kúrò lára DNA, ìwé ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì. Àmì wọ̀nyí ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé “ka ibí, fo ọ̀hún”. Tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń nu àmì yìí bá fẹ́ jẹ gàrí, 2-HG ló ń wọ ẹnu wọn, bíi kọ́kọ́rọ́ tó wọ ihò ṣùgbọ́n tí kò yí. Àmì ń gorí àmì. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó dàgbà, kó gba iṣẹ́ àgbà, kò rí ojú ìwé tí wọ́n kọ iṣẹ́ náà sí kà mọ́. Ó dúró sípò ọmọdé, ó sì ń bí ọmọdé bíi tirẹ̀. Bí ẹ́ńsáìmù oúnjẹ lásán ṣe ń di ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ nìyẹn.

Ohun kan tó máa ń dùn mọ́ mi nínú rẹ̀: jíìnì méjì-méjì la ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, bí ìbejì. Ọ̀kan péré ló máa ń yí. Táíwò tó ṣì dára ń yan gàrí lọ ní tirẹ̀, Kẹ́hìndé tó ti yí ń gba gàrí náà lọ́wọ́ rẹ̀ ó ń bà á jẹ́. Iṣẹ́ Táíwò gan-an ló ń fún un ní ohun tó ń bàjẹ́.

Ní ti ogún, rárá. Inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ní orí àbúrò yín ni ìyípadà yìí ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti bí i. Kò sí lára bàbá yín, kò sí lára yín. Ẹ má ná owó àyẹ̀wò kankan.

Àrẹ̀mọ Òkè-Àdó, 7:58 àárọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka ti ìlẹ̀kẹ̀ yẹn fún màmá wa, wọ́n ní “ìlẹ̀kẹ̀ kan péré?” Ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ “ó sàn fún” yẹn. Báwo ni ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ṣe tún máa jẹ́ ire?

Onílàábù Ṣàgámù, 8:40 àárọ̀

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó da àwọn tó ṣàwárí rẹ̀ náà láàmú.

Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Johns Hopkins ní Baltimore ka jíìnì tó lé ní 20,000 nínú kókó ọpọlọ 22, irú tó le jù. Wọn ò wá ẹ́ńsáìmù oúnjẹ rárá, àmọ́ IDH1 ló yọjú. Ara àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré ló sì pọ̀ sí. Lọ́dún 2009 wọ́n rí i pé ó wà nínú èyí tó ju 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú kókó irú ti àbúrò yín, ìpele 2 àti ìpele 3. Wọ́n wá fi àwọn tó ní in wé àwọn tí kò ní in. Láàárín àwọn tí tiwọn ti dé irú tó le jù, tí ẹ bá to wọn sórí ìlà, ẹni àárín nínú àwọn tó ní ìyípadà lo oṣù 31, ẹni àárín nínú àwọn tí kò ní in lo oṣù 15.

Àlàyé tí mo gbà gbọ́ jù ni pé irú kókó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, orúkọ kan náà la kàn fi ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀. Láti 2021 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sì ti ya orúkọ wọn sọ́tọ̀. Ti IDH máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, á máa rìn bí ìgbín fún ọdún púpọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, ìgbín yẹn kì í dúró, ó sì lè yí ìrìn rẹ̀ padà lọ́jọ́ iwájú. Ìyẹn ni wọ́n fi máa ń ya àwòrán orí lóòrèkóòrè.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti gìrì kún un, nítorí màmá. 2-HG yìí fara jọ glutamate, ohun tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ta ara wọn jí. Wọ́n gbà pé ìdí nìyẹn tí gìrì fi máa ń jẹ́ àmì àkọ́kọ́ lára àwọn tí kókó wọn ní ìyípadà IDH. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe ayé.

Aya Baálé (Maryland), 1:15 ọ̀sán

Mo ń jẹun àárọ̀ níbi iṣẹ́ ni mo rí èyí. Ti ọkọ mi ni IDH2, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni tirẹ̀. IDH2 ni ẹ̀gbọ́n IDH1, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ibi tí wọ́n ń gbé nínú sẹ́ẹ̀lì ni kò jọra. 2-HG kan náà ló ń pọ̀ jáde. Nínú mùdùnmúdùn eegun ọkọ mi, àwọn ọmọ ẹ̀jẹ̀ funfun ò dàgbà, wọ́n kàn kún ibẹ̀ fọ́fọ́, bí kíláàsì tí gbogbo ọmọ ti fìdí rẹmi tí wọ́n sì tún ń gba ọmọ tuntun wọlé.

Enasidenib ni wọ́n fún un, hóró kan lóòjọ́. Láti 2017 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Ti IDH1, ivosidenib, tẹ̀lé e ní 2018. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé oògùn náà kì í pa sẹ́ẹ̀lì bíi kẹ́mò. Ó kàn ń dí ọwọ́ ẹ́ńsáìmù burúkú yẹn ni, àwọn ọmọ ẹ̀jẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà.

Ibẹ̀ ni wàhálà wa ti wá. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ibà mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tó bá sùn sílẹ̀ kò lè mí. Dókítà ọ̀dọ́ tó wà níbi pàjáwìrì ní nìmóníà ni, ó fẹ́ fún un ní oògùn nìmóníà kó dá wa padà sílé. Mo ti ní káàdì kan tí nọ́ọ̀sì fún wa nínú pọ́ọ̀sì mi, wọ́n kọ “differentiation syndrome” sí i. Mo fi hàn án. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dàgbà lẹ́ẹ̀kan náà ló ya bo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dexamethasone ni wọ́n fún un, lọ́jọ́ kejì ó ti ń béèrè ẹ̀bà.

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fún ní irú oògùn yìí fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, kó gba káàdì yẹn, kó má gbé e jù sínú dúróà. Ojú ọkọ mi tún pọ́n bí ìyeyè, mo ti ń sunkún kí wọ́n tó sọ fún mi pé oògùn náà lè gbé bilirubin, èròjà tó ń mú ojú pọ́n, sókè láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ bàjẹ́. Wọ́n ṣì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ná o kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ògbólógbòó Akàwé, 2:02 ọ̀sán

Gbogbo gírámà yìí, ṣúgà ṣáà ni. Onímọ̀ ará Jámánì kan ti sọ ọ́ láti ayébáyé, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí. Ẹ gba ṣúgà lẹ́nu jẹjẹrẹ, á kú. Ìyàwó àbúrò yín gbọ́n.

Onílàábù Ṣàgámù, 3:20 ọ̀sán

Bàbá wa Akàwé, òótọ́ kan wà nínú rẹ̀. Otto Warburg ni ẹni tí ẹ ń sọ. Láàárín àwọn ọdún 1920 ló rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń gbé ṣúgà mì gidi, tí á sì sọ ọ́ di ásíìdì tó ń mú ògì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ wà nílẹ̀. Bí ẹni tó ní gáàsì lórí tábìlì tó ń fi igi tútù dáná. Orí èyí náà ni wọ́n gbé àwòrán PET lé: wọ́n á fi ìtànṣán sí ṣúgà, wọ́n á wo ibi tó kó jọ sí. (Ẹ̀bùn Nobel 1931 tó gbà, orí ẹ́ńsáìmù tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mí ni wọ́n fún un, kì í ṣe orí èyí.)

Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn wà láàárín “ó ń gbé ṣúgà mì” àti “má jẹ ìrẹsì mọ́”. Tí ènìyàn ò bá jẹun, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á ṣe ṣúgà fúnra rẹ̀, nítorí ọpọlọ ò lè ṣe láìsí i. Kókó náà á mú tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la orí rẹ̀ ló máa rù. Ọ̀rọ̀ IDH kò sì sí nínú ọ̀pọ̀ ṣúgà rárá. Òṣìṣẹ́ tó yí iṣẹ́ padà ni, bí oúnjẹ pọ̀, bí kò pọ̀. Ẹ dá ìrẹsì rẹ̀ padà fún un, ẹ jọ̀ọ́.

Apòògùn Sugar Land (Texas), 8:47 alẹ́

Mo wà nítòsí àbúrò yín, mò ń po oògùn ní ilé oògùn kan níbí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí jálá àgbo yẹn kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí oògùn kan tó ń jẹ́ vorasidenib, fún ẹni ọdún 12 sókè tó ní astrocytoma tàbí oligodendroglioma (irú glioma méjì nìyẹn) ìpele 2, tí IDH1 tàbí IDH2 rẹ̀ ti yí, tó sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ wo èsì àbúrò yín, ẹ wo gbólóhùn yẹn. Òun ni wọ́n ń sọ, bí dókítà rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Ènìyàn 331 ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò: àwọn kan gba oògùn gidi, àwọn kan gba hóró tí kò ní nǹkan nínú. Ẹni àárín nínú àwọn tó gba oògùn gidi lo oṣù 27.7 kí kókó tó tún gbérí, ti àwọn yòókù jẹ́ oṣù 11.1. Kò lé àrùn náà lọ o. Àkókò ló ń rà, ó sì ń sún ìtọ́jú onítànṣán àti kẹ́mò síwájú, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni ọdún 34.

Ẹ̀dọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Oògùn náà lè dà á láàmú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà oṣooṣù títí di ọdún méjì. Tí àgbo bá tún wọ inú rẹ̀, tí èsì ẹ̀dọ̀ sì gòkè, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó fà á, oògùn gidi ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá dúró. Ẹ fi jálá yẹn sílẹ̀ ní Ìbàdàn.

Àwọn nǹkan mìíràn tó yẹ kó mú lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ Ajé: kó sọ bó bá ń mu sìgá, nítorí sìgá máa ń dín agbára oògùn náà kù. Bí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá ṣì ń retí ọmọ, kó sọ ọ́ kó tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì, torí wọn ò gbọ́dọ̀ lóyún nígbà tó bá ń lò ó, àti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó bá dá a dúró. Owó rẹ̀ ga. Ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ní kó fi èsì “mutated” yẹn hàn kí wọ́n tó san án. Ọ̀rọ̀ tó ń bà yín lẹ́rù ni ìwé àṣẹ rẹ̀.

Àgbo Jẹ́ Ti Wa, 9:30 alẹ́

Ẹ̀yin aláṣọ funfun, ẹ ò fẹ́ràn ohun ilẹ̀ wa. Ewé ni wọ́n fi ṣe oògùn tiyín náà.

Apòògùn Sugar Land, 9:41 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ìyá mi ń se àgbo ibà, mo sì mu ún dàgbà. Tí ẹ bá lè sọ ewé tó wà nínú jálá yẹn àti ìwọ̀n rẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbí, kí àbúrò wọn fi han dókítà rẹ̀. Tí wọn ò bá lè sọ ọ́ fún un, kò yẹ kó mu ún.

Ọmọ Ìta Bàlẹ̀ (Èkó), Ọjọ́bọ̀, 6:25 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dá ti àwa tó wà nílé pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe iṣẹ́ abẹ kókó ọpọlọ níbí lọ́dún méjì sẹ́yìn. Èsì tó jáde kò ní IDH kankan nínú. Nígbà tí mo béèrè, akọ̀wé ní “a kì í ṣe ìyẹn níbí, sà”, ó sì padà sórí fóònù rẹ̀. Ẹlòmíràn ló là mí lójú pé ẹran tí wọ́n gé ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, nínú ìda kékeré kan tí wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀kù, pé mo lè béèrè fún un, kí ilé àyẹ̀wò tó ń ṣe é bá wa ṣe é. Mo kọ lẹ́tà, mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà ìkẹta wọ́n gbé e fún mi nínú àpòòwé, kò tóbi ju ṣúgà onígun lọ. Mo gbé e sáyà nínú danfo bí ẹyin.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọ́n ti dà á nù kí ẹ tó béèrè. Kí ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ fi àwọ̀ tó ń fi R132H hàn lára ẹran náà dán an wò, torí òun ló pọ̀ jù nínú kókó ọpọlọ, owó rẹ̀ sì kéré sí ti kíka jíìnì. Bí ìyẹn ò bá gbé e jáde tí ọjọ́ orí ẹni náà sì kéré, ẹ wá owó kíka jíìnì, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ 132 lè yí sí ohun mìíràn yàtọ̀ sí H, àwọ̀ yẹn ò sì ní rí i.

Onílàábù Ṣàgámù, 7:05 àárọ̀

Ọmọ Ìta Bàlẹ̀, ẹ káre. Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ fi kún ti búlọ́ọ̀kù.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àdó, ìbéèrè kan. “Glioma” lásán tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò pé. Ó yẹ kí wọ́n ti wo 1p/19q, ìyẹn apá kan lára krómósómù 1 àti apá kan lára 19, bóyá méjèèjì ti já sọnù. Èsì rẹ̀ máa ń pẹ́ ju ti àwọ̀ lọ. Ṣé ojú ìwé mìíràn ò sí?

Àrẹ̀mọ Òkè-Àdó, 10:12 alẹ́

Ẹ má bínú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ó ti jẹ ìrẹsì méjì àwo lónìí, ó ní kí n kí ẹni tó bá òun gba ìrẹsì òun padà. Jálá àgbo ṣì wà lábẹ́ tábìlì níbí, màmá ò sọ̀rọ̀ sí i mọ́.

Ojú ìwé kejì wà. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ló ya ránṣẹ́ sí mi, “mutated” ti dá òun náà dúró síbẹ̀, kò ṣí i. A jọ ṣí i lórí fóònù. Ó kà á síta fún mi: “1p/19q: codeleted.”

Onílàábù Ṣàgámù, 10:19 alẹ́

Oligodendroglioma nìyẹn. Nínú gbogbo ìdílé kókó IDH yìí, òun ló máa ń rọra rìn jù, òun náà ló sì máa ń gbọ́ràn sí kẹ́mò lẹ́nu jù bí ọjọ́ kẹ́mò bá dé. Kó kọ orúkọ yẹn sórí ìwé kan pẹ̀lú vorasidenib, kó gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé. Ṣé ó ti sùn?

Àrẹ̀mọ Òkè-Àdó, 10:20 alẹ́

Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn. Mo ti ń pè é.